Iyọ̀ Inú Òjò

Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa lórin tí wọ́n fi kí ọkùnrin náà káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ lè mọ irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà yẹn. Wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá ọkùnrin náà lọ́lá lókè òkun nítorí ìwádìí tó ti ń ṣe látọdúnmọ́dún lórí òjò àti afẹ́fẹ́, àti ohun tó wà nínú wọn. Àwọn àgbààgbà Òkìtìpupa ní òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀, àfi kí àwa náà yẹ́ ẹ sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo ń gbe òjò náà fún un.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun ló kọ́kọ́ wá sí abúlé wa lọ́nà Ìrẹ̀lẹ̀. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó gbé agolo bàbà kan tó ní àrọ tí òjò ń gbà wọlé lórí kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, nítorí kò sí igi tó ṣíji bo ibẹ̀, ó sì kọ́ mi ní iṣẹ́ náà. Láràárọ̀, kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, màá wo bí omi ṣe ga tó nínú agolo, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá kọ ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ wá, màá da omi náà sínú ìgò, màá sì fi àbẹ́là yíyọ́ dí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ Ẹtì, lọ́rì kan á kó àwọn ìgò náà lọ fún un ní yunifásítì. Ọ̀gá ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Tíṣà. "Tíṣà, orúkọ rẹ á wà nínú ìwé tí mo bá kọ." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú púpurú, oúnjẹ gbágùúdá ìyá mi, lẹ́nu rẹ̀.

Ó jẹ púpurú wa o! Nígbàkígbà tó bá wá, ìyá mi á gbé e ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù, á sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Aládùúrà ni ìyá mi. Àwọn ìgò omi àdúrà rẹ̀ kì í kúrò lórí pákó tí a kàn mọ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kejì pákó yẹn náà ni mò ń to àwọn ìgò òjò mi sí, torí kò sí ibòmíràn tí ewúrẹ́ ò lè dé. Lọ́jọ́ kan tí à ń ṣàwàdà, mo sọ fún Ọ̀gá pé ìyá mi a máa fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sí fún aláìsàn. Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín ni. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́!

Nígbà òjò ọdún kejì, lẹ́tà dé. Iyọ̀ wà nínú àwọn ìgò kan. Kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ èyí tó wà nínú àwọn kan pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ní ó dá òun lójú pé ìyá mi ti tọwọ́ bọ iṣẹ́ òun, ṣebí èmi fúnra mi ni mo sọ fún òun nípa iyọ̀, òun á sì rán ẹni tó máa wá gbé agolo. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ti dájọ́ tán.

Ojú tì mí. Inú bí mi. Mo wọlé tọ ìyá mi lọ pẹ̀lú lẹ́tà náà lọ́wọ́, mo sì pariwo mọ́ ọn lójú àwọn aládùúgbò. Mo ní omi àdúrà wọn ti ba iṣẹ́ mi jẹ́, wọ́n ti dójú tì mí lójú ọ̀mọ̀wé. Ìyá tó bí mi! Gbágùúdá ló ń bó. Kò pariwo padà. Ó ní, "Mi ò fọwọ́ kan omi rẹ rí. Bí ẹ̀fúùfù bá ti ọ̀dọ̀ òkun wá, òjò rẹ̀ máa ń níyọ̀. Lọ bi àwọn tó ń ta ẹja. Ṣé o ò rí i pé páànù tó kọjú sí apá ọ̀hún ló ń kọ́kọ́ dípẹtà?"

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo ní ìwé wo ni wọ́n kà.

Mo wá jókòó, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n foríji ìyá mi, kò mọ̀wé ni, àní ó tún ń sọ pé ẹ̀fúùfù òkun ló gbé iyọ̀ náà wá. Mo kọ ọ́ bí àwàdà, kí inú rẹ̀ lè yọ́ sí wa. Kò fèsì. Awakọ̀ lọ́rì wá gbé agolo lọ, ó gba ìwé ẹ̀fúùfù mi pẹ̀lú. Ìyá mi náà kó àwọn ìgò rẹ̀ kúrò lórí pákó, ó kó wọn lọ sí ilé àdúrà, ó sì ń gbé ibẹ̀. Ilé tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún mi.

Ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ ayẹyẹ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi kọrin tán, Ọ̀gá dìde nínú kóòtù dúdú. Ó ti sanra. Ó ní iyọ̀ tó wà nínú ìgò òjò Ìkálẹ̀ ò jẹ́ kí òun lè sinmi, àfi lọ́jọ́ kan, bí òun ṣe jókòó sí ọ́fíìsì òun, tó ṣàdédé sọ sí òun lọ́kàn pé òkun ni, ẹ̀fúùfù ló ń gbé e wá. Òun fi ìwé ẹ̀fúùfù wé àwọn ìgò náà, gbogbo rẹ̀ sì bára mu régí. Ó ní òun ò ṣiyèméjì nípa àwọn ìgò yẹn rí.

Rí kẹ̀! Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ pariwo olè, àmọ́ àwọn ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n pín ìwé kékeré kan fún wa, mo sì ṣí i sí ibi ìdúpẹ́. Orúkọ awakọ̀ lọ́rì wà níbẹ̀. Tèmi ò sí. Nígbà tí Ọ̀gá ń jáde lọ, ó dúró lọ́dọ̀ wa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà," ló wí, "àwọn ọmọ yín kọrin dáadáa." Kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rán àwọn ọmọ lọ sílé, mo sì gba ilé àdúrà lọ tààrà. Ìyá mi ń gbá iyanrìn iwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ayẹyẹ lára, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yín ló jí. Ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó jẹ oúnjẹ yín, ó sì pè yín lẹ́ni tó ba iṣẹ́ jẹ́."

Ó dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró.

"Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ mí," ló wí. "Púpurú mi ló mọ̀. Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí mo bí?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, ó rọra ń gbá a bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní kí n dìde, òun fẹ́ gbá ibẹ̀.