Ọ̀fun Mọ́jí

Òórùn ata gbígbẹ ló sábà máa ń jí wa nílé, torí ata ni ìyá mi ń tà ní ọjà Oliha nílùú àwọn Ẹ̀dó tí a ń gbé, pálọ̀ wa la sì ń kó àpò rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè mọ́ iyọ̀ ló jí mi. Ìyá mi ń fi omi rẹ̀ fọ ọ̀fun Mọ́jí, àbúrò mi, tí kò lè gbé itọ́ mì. Ó ní kó yanu síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Èmi náà yọjú wò ó. Ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti wú, wọ́n pọ́n yòò, nǹkan funfun sì lẹ̀ mọ́ wọn bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Iye Osaro, ìyá Ẹ̀dó tí a jọ ń gbé kọ́mpáùn, ní bẹ́lúbẹ́lú ni, ká mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé e. Bàbá mi, tó ń ránṣọ, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní abẹ ò ní wọ ẹnu ọmọ òun. Wọ́n ra kápúsù ní kẹ́míìsì. Mọ́jí lò ó, ara gbígbóná lọ, ó béèrè àkàmù. Ìyá mi a máa sọ pé, "Àìsàn tí kò bá dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́, ó ti lọ nìyẹn." Ó fi ìyókù kápúsù náà pamọ́ de ìgbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé tí mo mọ̀ ń ṣe.

Ọyẹ́ kò tíì lọ tán tí orúnkún Mọ́jí fi wú, tí kò lè dìde lọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ìrora náà fi orúnkún sílẹ̀, ó bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Àwọn kan ní làkúrègbé ni. Bàbá mi ní òun ò rí làkúrègbé ọmọdé rí. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, gbogbo wa wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ní Ugbowo.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin Èkìtì kan, gbọ́ àyà Mọ́jí títí, ó sì bi wá bóyá ọ̀fun ti dùn ún láìpẹ́ yìí.

"Àwọn sójà ara ló kún inú ẹran ọ̀fun yẹn," ló wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé kòkòrò tó wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ojú kòkòrò yìí jọ ti ẹran ọkàn. Ọkàn ọmọ yín ni wọ́n ń lù báyìí, wọ́n rò pé ọ̀tá ni."

Nígbà tó gbọ́ nípa kápúsù yẹn, ó ní ó yẹ kí Mọ́jí ti lò ó tán, bí ó tilẹ̀ ti ń jẹun.

Mọ́jí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dáhùn bíi gbogbo àwa ọmọdé. Nínú mọ́tò, ó bi bàbá mi pé, "So na my own soja dey beat me? Wetin I do dem?" Bàbá mi yíjú síta.

Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kó kàn fo gọ́tà lásán, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wá di pé ìjókòó ló fi ń sùn. Bàbá mi rán yunifọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdírì dè é, ó ń dín in bí ọmọ náà ṣe ń rù. Mọ́jí ò wọ̀ ọ́ rí. Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ló kú, ọwọ́ ìyá mi ló kú sí. Bàbá mi ò tún gba iṣẹ́ aṣọ ọmọdé mọ́.

Ìyá mi ti darúgbó. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó ṣàdéédéé bi mí pé, "Ká ní mo jẹ́ kó lo oògùn yẹn tán ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó sọ fún yín nígbà náà." Ó ní òun mọ̀. Ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé kò sí ohun tí ìyá mi ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí i fún ìgbà pípẹ́. Mo ti dàgbà báyìí ju bó ṣe wà nígbà náà lọ. Bí mo bá ro irú obìnrin tó jẹ́ lọ́dún yẹn, ọmọdé ló jọ lójú mi.