Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìbọn Olúyọmí

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni Olúyọmí Ọdẹ́tọ́lá ń ṣe. Òun ni olùtọ́jú ilé fún àwọn ilé alájà mẹ́ta kan ní Thames View ní London, kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì ló sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: ti yàrá iná mànàmáná, ti ibi ìdalẹ̀nù, ti òrùlé, ti ọgbà. Ó fi ìṣó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ sára pátákó, ó kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó sọnù láti ọdún mẹ́tàlá. Bí ará ilé kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta, Olúyọmí ni wọ́n ń pè. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbọn mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ilé ara rẹ̀ ní Upney.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìbọn náà ti ṣẹ̀ jìnnà sí Upney. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ọdẹ́dá. Ìbọn ṣakabùlà kan wà tí baba náà máa ń fi kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀, tó jẹ́ pé láti ẹnu ni ó ti ń ki ẹ̀tù àti irin wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan tí kò ba ẹran, ẹran náà ní àyè láti dágbére kó tó lọ, nítorí pé kíkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì gba sùúrù. Nígbà tí baba kú, àkọ́bí ló jogún ìbọn. Olúyọmí, tó jẹ́ ìkẹrin, jogún àpò awọ kan tí òórùn ẹ̀tù kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó gbé àpò náà wá sí London. Peckham ni òun àti Bùnmi ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé, àpò náà sì bá wọn kó wá sí Upney, wọ́n ń kó ìwé ìrìnnà àti ìwé-ẹ̀rí ìbí sínú rẹ̀.

Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta kó tó di ìbọn mú fúnra rẹ̀. Òyìnbó àgbà kan tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ olùtọ́jú ilé, tí gbogbo ilé Olúyọmí ń pè ní Dávídì bí ẹni ń ka Bíbélì, ló mú un lọ sí ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní ìgbèríko Essex ní ọjọ́ Sátidé kan. Dávídì gbé ìbọn onílífà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Irin kan tó tẹ̀ kọdọrọ bí etí ife, tí wọ́n ń pè ní lífà, wà lábẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá yìn ín tán, yóò fi ìka mẹ́ta ti irin náà sísàlẹ̀, yóò sì dá a padà sókè: kàrà-kó. Ìkarahun ọta tó ti ṣófo yóò fò jáde, ọta tuntun yóò sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Kò gbà ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ.

Olúyọmí yin mẹ́wàá. Mẹ́fà ba páálí tí wọ́n fi ṣe àmì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àárín gbùngbùn. Ó dúró, ó ń wo ìbọn náà bí ẹni rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Ó ní fún Dávídì pé bí bàbá òun bá ní irú èyí, ẹran ì bá má ṣẹ́kù ní igbó Ọdẹ́dá. Ó mú páálí náà relé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń lọ ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí ó di pé èjìká Dávídì kò gba ìdí ìbọn ńlá rẹ̀ mọ́, ó ní Olúyọmí ni òun fẹ́ tà á fún. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í fi ìbọn lé èèyàn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ó gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ẹni méjì sì jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù tọ Alàgbà Adéwọlé lọ ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Barking. Alàgbà wọ awò ojú, ó kà á, ó bọ́ awò ojú.

"Ẹran wo lo fẹ́ pa ní Barking, ọ̀kẹ́rẹ́ àbí ẹyẹlé?"

"Kì í ṣe ẹran o, Bàbá. Páálí ni à ń yìn."

"Kí ni páálí fi ṣẹ̀ ọ́?"

Síbẹ̀ ó buwọ́ lù ú, ó ní òun kò tíì rí ọkùnrin mìíràn tó ń to bàtà gbogbo ìjọ ní méjì-méjì lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n rán an, àti pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìbọn ṣe àìdáa.

Ọlọ́pàá tó wá yẹ ilé wò jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Ethan. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un. Ó wo àpótí irin tí Olúyọmí dè mọ́ ara ògiri ní yàrá òkè, ó mì ín, kò mì. Ó wá sọ òfin tó kù: ẹni tó bá ni ìwé-àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe àlejò, kì í sì í ṣe ìyàwó.

Bùnmi, tó gbé tíì àti àkàrà wọlé, gbé àwo kalẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó mọ nọ́ńbà báńkì ọkọ rẹ̀. Ó mọ eyín tó ń dùn ún ṣáájú oníṣègùn eyín. Ó bi ọlọ́pàá náà pé ṣé olè ni wọ́n ń pe òun ni. Ethan fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé òfin ni, kì í ṣe pé wọn kò fọkàn tán an. Bùnmi ní ó dáa, òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, bí Olúyọmí bá bèèrè ibi tí iyọ̀ wà, yóò ní òun kò mọ̀ bóyá òfin gbà kí òun sọ.

Báyìí ni ìbọn onílífà àkọ́kọ́ tí Olúyọmí ní láyé rẹ̀ ṣe wọ ilé. Igi ìdí rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ìlà kan sì wà lára rẹ̀ níbi tí Dávídì ti fi gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà kan rí. Olúyọmí kò jẹ́ kí wọ́n pa ìlà náà rẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, yóò fi òróró nù ún, yóò fi sí àpótí, yóò sì lọ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́.

Ibi ìpamọ́ yìí ló wá di wàhálà. Ó kọ́kọ́ fi sínú agolo ìṣó. Ọjọ́ kẹta ni Bùnmi ní òun ń wá ìṣó tí òun máa fi gbé kàlẹ́ńdà kọ́. Ó gbé e lọ sí ìdí rédíò àtijọ́. Bùnmi ní òun fẹ́ ta rédíò náà lọ́rẹ. Níkẹyìn ó rí ibi tó dá a lójú. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ká ìtẹ̀lẹ̀ inú bàtà náà sókè, ó ti kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Fún ọdún márùn-ún, kò gbé e kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìwé-àṣẹ gbọ́dọ̀ di tuntun. Lẹ́tà dé pé Ethan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé yóò bá gbogbo ará ilé sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́, Bùnmi gbé ṣíbí kalẹ̀, ó fi orúkọ Tiwaladé ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tiwa, ó wà nínú bàtà."

Olúyọmí ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

"Láti oṣù tí o fi síbẹ̀. Ìwọ náà wò ó, bàtà tó ń rùn láti àtẹ̀gùn dé ilé ìdáná, ṣé kì í ṣe òun ni n óò kọ́kọ́ fọ̀?"

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Inú rẹ ń dùn pé ohun kan wà nílé yìí tí èmi kò mọ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí o gbádùn rẹ̀." Ó tún mú ṣíbí. "Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin yẹn bá bi mí ní Ọjọ́bọ̀, n kò ní purọ́ fún un."

Olúyọmí mọ̀ pé kò ní purọ́. Obìnrin tó ń gbàdúrà fún àwọn èèyàn ní gbangba ìjọ kò lè máa fi ẹnu kan náà tan ọlọ́pàá jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá sọ òtítọ́, wọ́n lè gba ìwé-àṣẹ náà, kí wọ́n sì gbé ìbọn lọ. Ó rọra dábàá pé bóyá kí Bùnmi lọ kí ẹbí wọn kan tó ń gbé ní Thames View ní Ọjọ́bọ̀ náà. Bùnmi ní kí òun wá sá kúrò nílé òun nítorí kọ́kọ́rọ́? Olúyọmí ní òun yóò gbé e lọ sí ibòmíràn lónìí. Bùnmi ní kí ó gbé e lọ síbi tó wù ú. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀ ojú òun yóò ti kàn án. Òun kì í wá a, ilé ni òun ń tún ṣe. Olúyọmí ní òun yóò ra àpótí kékeré onínọ́ńbà tí òun yóò máa ti kọ́kọ́rọ́ náà mọ́.

"Ọjọ́ ìbí Tiwaladé ni wàá fi ṣe nọ́ńbà rẹ̀," ni Bùnmi wí.

Ọjọ́ ìbí Tiwaladé gan-an ló ti wà lọ́kàn Olúyọmí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ethan dé, ó bọ́ bàtà, ó mi àpótí, kò mì. Ó ka nọ́ńbà tó wà lára ìbọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó tán ní pálọ̀, ó yíjú sí Bùnmi, ó bi í bóyá ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Olúyọmí tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Bùnmi wí. "Ó ti tó ọdún márùn-ún. N kò mú un rí ju kí n fọ bàtà, kí n dá a padà síbi tó wà."

Kí Ethan tó lè fèsì, Olúyọmí gbórí sókè, ó ní òun ni òun jẹ̀bi. Ó ní òun tọ́jú kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì ní ibi iṣẹ́, òun kò sì lè fi ẹyọ kan pamọ́ fún obìnrin yìí. Ethan fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sọ. Ó dúpẹ́ pé wọ́n sọ òtítọ́, ó ní òun yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn kò lè sùn nínú ilé yìí mọ́ títí wọn yóò fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kí ó gbé e lọ sí àpótí ẹgbẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó ń wọ bàtà rẹ̀, ó fi kún un pé ọ̀nà kan wà tí ìyàwó fi lè mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà láìrú òfin: bí òun náà bá ní ìwé-àṣẹ tirẹ̀.

Olúyọmí kò ráhùn. Ó gbé ìbọn lọ, ó padà wálé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Bùnmi bá a ní yàrá òkè, ó ń fi òróró nu ilẹ̀kùn àpótí tó ṣófo. Ó wò ó títí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ dín dòdò, ó tún gòkè padà.

"Ṣé wọ́n ń gba obìnrin ní ẹgbẹ́ yín?"

Bùnmi kò mọ ìbọn yìn rárá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ nípa ìyẹn. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ọta mẹ́wàá ni ó yìn, kò sí ihò kan lára páálí rẹ̀. Dávídì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kì í yin ìbọn ẹgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ lọ́jọ́ kan nítorí èjìká rẹ̀, ló ka ihò mẹ́jọ lára páálí tirẹ̀, ó sì ní òun kò tíì dára tó báyìí láti ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n Bùnmi padà lọ. Ilé ìdáná ilé-ìwé kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ lóòjọ́. Ní ibi ìyìnbọn, bí alábòójútó bá ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, gbogbo wọn á gbé e sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ó sọ fún àwọn obìnrin ìjọ pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti rí ọkùnrin méjìlá tó gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ó kọ fọ́ọ̀mù. Alàgbà Adéwọlé tún bọ́ awò ojú, ó bi í pé ṣé páálí ti ṣẹ ìyàwó náà ni. Kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwé-àṣẹ Bùnmi dé, ti ọkọ rẹ̀ sì ti di tuntun. Ó ra ìbọn onílífà kékeré kan, ọta rẹ̀ kò ju hóró èwà lọ. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì wálé pọ̀, ti Dávídì tó ní ìlà lára àti tuntun tó ń dán, wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ tira nínú àpótí. Olúyọmí ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó wá ibi tó dára fún un, nítorí pé òun kò mọ ibi ìpamọ́ í wá.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, Tiwaladé ọmọ wọn wá láti Chelmsford lẹ́yìn ìsìn. Ó gòkè lọ wo àpótí, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí ìbọn Mọ́mì. Ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?

"Bó o bá jẹun tán, màá ṣí i fún ọ kí o rí i," ni Bùnmi wí. "Ṣùgbọ́n ibi tó wà, n kò lè sọ."

"Mọ́mì, èmi? Ọmọ yín?"

"Òfin ni," ni Bùnmi wí, ó sì ń bu ọbẹ̀ sí i. "Kì í ṣe pé a kò fọkàn tán ọ."

Tiwaladé kọjú sí bàbá rẹ̀ bóyá yóò rí olùgbèjà. Olúyọmí mú ẹja tó tóbi jù nínú àwo tirẹ̀, ó sì fi sí ti ọmọ rẹ̀.