Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Gún Màmá Mi Nítan

Ẹ̀yìn ilé wa ní Euless nílùú òyìnbó ni màmá mi gbin ewúro sí nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ bomi rin ín, sálúbàtà ọkọ mi ni wọ́n sì máa ń wọ̀ lọ. Èèrà pupa kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́lé bí òkìtì kékeré sáàárín koríko. Ó ti ta wọ́n rí, ẹsẹ̀ wọn lé, ó yún wọn, ó sì tán síbẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n máa wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

"Nítorí tanpẹ́pẹ́ lásánlàsàn? Ìwọ náà ti di òyìnbó."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, èmi ń gé ilá ní kíṣìnnì. Màmá mi wọlé láti ẹ̀yìn, wọ́n ń họ ọwọ́, wọ́n ń họ ọrùn.

"Àwọn èèrà yín yìí mà tún ti ta mí o. Bá mi bu omi tútù."

Kí n tó bu omi náà dé, ojú wọn ti wú, ara wọn sì ti lé bí ara ẹni tí wèrèpè bá jà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ di ọrùn mú.

"Ọ̀fun mi ń dí." Ohùn wọn ti há.

Mo pe 911 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Obìnrin tó dá mi lóhùn bi mí bóyá wọ́n ń mí, bóyá a ní abẹ́rẹ́ adirẹnálíìnì nílé. Mo ní a kò ní in. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n má jẹ́ kí wọ́n dìde, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń bọ̀.

Mo ṣí ibi tí a ń kó oògùn sí. Oògùn ẹ̀fọ́rí ló wà níbẹ̀, àti ti ikọ́. Mo kó wọn jáde, mo tún kó wọn padà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Bí nǹkan bá bàjẹ́, mo máa ń wá ibi tó ti bàjẹ́ títí n ó fi rí i. Ti màmá mi yìí, n kò mọ ibi tí n ó ti fọwọ́ kàn án. Èémí wọn ń súfèé. Mo di ọwọ́ wọn mú, ó tutù.

"Màámi, ẹ má sùn o! Ẹ wò mí!"

Wọ́n wò mí, ṣùgbọ́n bíi pé n kò sí nítòsí ni.

Nígbà tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà wọlé, ọ̀kan nínú wọn kò bi mí ní nǹkankan. Ó gún màmá mi lábẹ́rẹ́ ní itan, láti orí ìró. Kò pẹ́ tí èémí wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara. Lẹ́yìn náà ni ara wọn ń gbọ̀n.

"Kí ni wọ́n fún mi? Àyà mi ń lù kì-kì-kì."

Mo bi ọkùnrin náà. Ó ní inú ara wa ni adirẹnálíìnì ti ń wá, òun ni ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Oró èèrà ti jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn dẹ̀, ó sì ti fún ọ̀nà ọ̀fun wọn pa. Oògùn náà ló ń yí méjèèjì padà. Èyí tí ara wọn ní kò tó. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Ṣé ẹ̀rù ni wọ́n wá gún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, ara wọn tún lé, èémí tún há. Àwọn nọ́ọ̀sì yí bẹ́ẹ̀dì ká, ẹnìkan sì rọra tì mí sẹ́yìn. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ mìíràn, wọ́n sì so omi oògùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ni mo ń rí. Mo ń gbàdúrà, n kò sì lè rántí ọ̀rọ̀ àdúrà kankan ju "Jésù" lọ.

Màmá mi yè é. Dókítà fún wa ní abẹ́rẹ́ adirẹnálíìnì méjì tí ènìyàn lè fi gún ara rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ jìnnà sí wọn, ooru kò sì gbọdọ̀ pa á. Mo kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó kí wọ́n tó wọ bàálù padà sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n lórí fídíò.

"Màámi, abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà. Mo ti tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ mi, mo sì ti tì í pa kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú un jáde báyìí. Inú báàgì yín ló yẹ kó wà."

"Ó dáa. Dúró, kí n wá kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń lọ. Àjà ilé nìkan ni mo ń wò, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já.