Kòkòrò Inú Ẹ̀wà àti Ikọ́ Baálé Mi

Ọyẹ́ mú ní àárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a kò rí orí òkè láti ìsàlẹ̀. Inú kùrukùru yẹn ni baálé mi ti jáde sí mi, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gun àtẹ̀gùn dé Òkè Ìdànrè, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ikọ́ ife dá dùbúlẹ̀, tí kò lè rìn dé oko kòkó! Ó ní òun ò gba abẹ́rẹ́ mọ́, ìdúpẹ́ di ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà fò sókè. Lójú tiwa, ẹni tó bá gun òkè yẹn, ara rẹ̀ ti le nìyẹn. Mo sá ẹ̀wà tí a máa fi ṣe ìdúpẹ́ sórí ẹní, torí kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, mo sì sáré lọ ròyìn fún nọ́ọ̀sì tó ń fún un ní abẹ́rẹ́.

Mo rò pé yóò bá mi yọ̀ ni. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tó máa ń gbé kòkòrò àìsàn mì kó lè pa á.

"Ṣùgbọ́n ti ikọ́ ife gbọ́n, Màmá. Wọ́n á gbé e mì, kò ní kú. Inú ẹni tó gbé e mì yẹn gan-an ló máa fi ṣelé. Tí abẹ́rẹ́ bá dúró, á tún jáde."

Mo mi orí bí ẹni pé ó yé mi. Kò yé mi rárá.

Ìgbà tí mo délé, oòrùn ti là, kòkòrò ti ń sá kúrò lórí ẹní. Ẹ̀wà mọ́ tónítóní. Mo fi eyín la ẹyọ kan: kòkòrò wà láàyè nínú rẹ̀! Àṣé ohun tí nọ́ọ̀sì ń wí nìyí. Ayọ̀ pé ó yé mi ò jẹ́ kí n lè dúró. Mo fi ẹyọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ baálé mi.

"Ẹ wò ó. Oòrùn lé ti ìta. Ta ló lé ti inú?"

Ó wò ó títí. "Ṣé ẹ̀wà wá ni mí?"

"Ẹ̀wà tí mi ò fẹ́ dà nù ni yín."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ṣèlérí pé òun á tún gba abẹ́rẹ́.

Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó pẹ́ ká tó ṣe ìdúpẹ́ yẹn, àmọ́ a ṣe é, baálé mi sì rí àwọn ọmọ ọmọ wa. Bí mo bá rántí báyìí, ọjọ́ kejì ni inú mi ń dùn sí jù. Mo tún ẹ̀wà sá, mo so ẹyọ kan tó ní ihò mọ́ etí ìró mi, kí n lè fi hàn án bó bá fẹ́ yí ọkàn padà lójú ọ̀nà, mo sì tẹ̀lé e lẹ́yìn bó ṣe ń lọ gba abẹ́rẹ́.