Àgbá Pàǹtí Ẹ̀yìn Ilé Alhaja

Òórùn ìrẹsì tó ti kan ló máa ń kí mi káàárọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá gbé ní Ọ̀fà. Ọ̀nà Ojoku ni ilé náà wà, níbi tí ilé ti parí tí oko ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba ìlú òyìnbó lọ, ibi iṣẹ́ ọkọ mi sì ti gba ilé ńlá tí wọ́n fún wa padà. Yàrá méjì ni mo gbà lọ́wọ́ Alhaja, onílé mi, àgbàlagbà opó tó ń sin adìẹ.

Inú àgbá onírin kan lẹ́yìn ilé ni mò ń da pàǹtí sí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá bá a ní ìdojúdé, ọ̀rá àti oúnjẹ á ti ká gbogbo ilẹ̀. Alhaja ní ìjàkùmọ̀ ni, ológbò igbó. Àwọn àgbà sì ti ní ìjàkùmọ̀ kì í rìnde ọ̀sán, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Mo gbé búlọ́ọ̀kù lé ìdérí, ó tì í dànù. Mo fi wáyà dì í, ó tú u. Má fi mí rẹ́rìn-ín o: nígbà tó yá, bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń bú u bí ẹni ń bú ọmọ inú ilé. N kò rí ẹlòmíì bú.

Àfi ọjọ́ tó kó adìẹ Alhaja mẹ́ta lọ.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," Alhaja ní, "pàǹtí yín ló ń pè é wá. Tí ẹ ò bá rí nǹkan ṣe sí i, ẹ wá ilé míì o."

Mo ti kó kúrò nínú ilé kan lọ́dún yẹn, n kò ní agbára èkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Alhaja fúnra rẹ̀ mú igi, ó ní bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó ń tú inú àgbá, mo dúró tì í. Ìrẹsì tó tó ìdajì ìkòkò, dòdò, ẹran mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ta wá lẹ̀ ń se gbogbo èyí dè?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé a kì í se oúnjẹ mọ níwọ̀n ẹnu ẹni, nítorí àlejò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àlejò. Oúnjẹ ẹni márùn-ún ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ojú tì mí, mo bú sẹ́kún níwájú onílé. Alhaja kò bẹ̀ mí. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò kékeré kan tí iná ti jẹ nídìí jáde, ó nà án sí mi.

"Èyí lèmi náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnìkan," ó ní. "Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n."

Èmi náà kọ́ ọ. Pàǹtí mi kò ju èèpo àlùbọ́sà àti ọ̀rá lọ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde, mo bá àgbá lórí ìdúró, ìdérí wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn, Alhaja sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú fèrèsé. Èmi dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń dùn mí dé egungun. Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ ìsìnkú ọkọ ni obìnrin ń di opó. Tèmi, òwúrọ̀ yẹn ni, nígbà tí mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀dá kankan mọ́ tó ń retí oúnjẹ mi.