Ẹran Iléyá Tí N Kò Jẹ

Òórùn ẹran àgbò tí wọ́n ń dín ló máa ń gbé mi padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rántí, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti dé, tí àwọn aládùúgbò gbé agbada kaná, mo ti débẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Èmi ọmọ Ìkòròdú wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, mo ń lọ ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọ kan. Mo fi sítáàṣì sí ṣòkòtò péńpé mi títí ó fi le gbagidi, mo sì rò pé gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló ń dúró dè mí ní èbúté. Àwọn obìnrin tó ń já ẹja sílẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kúrò lọ́nà.

Ilé ìmàle ni ìjọ gbà fún mi, nítorí ilé onígbàgbọ́ kò pọ̀ nílùú nígbà náà. Ẹlẹ́ja ni ìyá onílé mi, àwọn baba ńlá rẹ̀ ló sá wá láti Èkó láyé ogun. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Òfin kan tí ìjọ fi lé àwa tíṣà lọ́wọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ jẹ ẹran Iléyá. Èmi kò sì fẹ́ rú òfin kankan, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ń lépa. Tíṣà kan ṣoṣo ni ìjọ ń forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dún, Bàbá Ìjọ, olórí wa, sì ti sọ fún mi pé tèmi ló kàn. Mo ti ránṣẹ́ ayọ̀ sí ìyá mi nílé.

Lọ́jọ́ Iléyá, ìyá onílé gbé abọ́ ẹran wá fún mi. Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá dá abọ́ ọdún padà ti sọ pé òun kò fẹ́ bá wọn gbé mọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà fún un. Bí ó ti yẹ̀yìn, mo pe ọmọ rẹ̀, mo kó gbogbo ẹran náà fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ìjọ kan tó ń kọjá ti rí mi níbi tí mo ti ń gbà á.

Kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, wọ́n ti pè mí síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ.

Bàbá Ìjọ ní, “Ṣé o gbà á àbí o ò gbà á?”

“Mo gbà á, sà, ṣùgbọ́n n kò jẹ ẹ́.”

“Ta ní í gba ẹran tí kì í jẹ ẹ́?”

Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ orúkọ mi, wọ́n fi ti tíṣà mìíràn sí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọdọọdún ni itan àgbò ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Bàbá Ìjọ. Ọmọ ìmàle ni ìyàwó rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìyá onílé mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi gèlè gbàjá, ó ní òun ń lọ tú àṣírí gbogbo wọn.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Orí ìyàwó Bàbá Ìjọ ni wọ́n máa dà á lé.”

“Ìwọ ńkọ́, Tíṣà? Orí ta ni wọ́n da tìẹ lé?”

N kò jọ̀wọ́ aṣọ rẹ̀. Kò lọ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ tó kàn ni Jósẹ́fù nínú ẹ̀wọ̀n. Ó rẹ̀ mí débi pé ìjókòó ni mo fi ń kọ́ wọn, èmi tí mo máa ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ mi dé ojú pópó. Bí mo ti sọ pé kò jẹ̀bi, ọmọ ìyá onílé mi dìde, ó ń sunkún.

“Tíṣà, èmi ni mo jẹ ẹran yín. Kí wọ́n wá nà mí, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.”

“Èmi ni mo fún ọ. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́. Jókòó.”

Ó jókòó. Mo yíjú sí pátákó, mo sì sunkún tèmi.

Kó tó dalẹ́, àwọn ọmọ ti ròyìn délé, ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Ìjọ. Ó ránṣẹ́ pè mí. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Orúkọ ti lọ, ọmọ mi. Ṣe sùúrù.” Ó wọlé.

Mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà níkẹyìn, nígbà tí mo ti níyàwó, tí mo ti bímọ, tí àwọn ọmọdékùnrin tí a jọ wà ní kíláàsì níbẹ̀ ń pè mí ní Bàbá. Nínú Bíbélì, àwọn arákùnrin Jósẹ́fù wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi náà fi ẹ̀gọ̀ retí tèmi fún ọdún púpọ̀. Bàbá Ìjọ kú láìsọ nǹkan kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n ka Bíbélì níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo kà á.

N kò mọ iye ọmọ tí mo ti sọ ìtàn Jósẹ́fù fún láti ìgbà yẹn. Mo máa ń sáré kọjá ibi aṣọ ààfin àti òrùka ọba. Ibi ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń pẹ́. Àwọn ọmọ a máa bi mí pé kí ni Jósẹ́fù ń ṣe níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹnì kankan kò rántí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ń mọ́, ó ń dìde, ó ń lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.