Òkun Japáànù lára Ìwé Ìṣirò Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n fẹjọ́ ọkọ mi sùn yín! Ìgbà SAP ni, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, nígbà tí mo ń ya bátànì aṣọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ańkárá l'Ọ́tà.

Ọ̀gá wa, ará Japáànù, yá mi ní àwòrán òkun kan. Ara pákó ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó fi yíńkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: ìgbì aláwọ̀ aró, òkè kan lókèèrè, ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ó ní kí n wò ó ya bátànì tuntun, kí n dá a padà ní Mọ́ńdè, torí ti bàbá òun ni. Ẹ sì rántí pé wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ ṣẹ ọ̀gá?

Mo gbé e relé n'Íjòkó, mo ya tèmi tán. Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo wá àwòrán tì!

Mo bi ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kàlẹ́ńdà àtijọ́ yẹn ni? Òun ti fi bo ìwé ìṣirò Bísí, ọmọ wa.

Kàlẹ́ńdà kẹ̀? Mo fa ìwé yọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yìn tó funfun la máa ń yí síta. Òkun wà nínú, ọkọ mi ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ pinpin. Níta, ó fi báírò kọ orúkọ Bísí gàdàgbà. Inú bí mi gan-an! Ó tún ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ òun ò dáa ni!

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé náà bó ṣe wà lọ bá ọ̀gá. Mo ṣàlàyé. Ó wo inú, ó wo ìta. Ó wá ní bàbá òun náà máa ń bo ìwé fún òun báyìí. Kò lé mi.

Àmọ́ kò jẹ́ ká tú u! Ó ní ó lè ya, bó ṣe wà yẹn lòun máa gbé e lọ. Ó ti ìwé ìṣirò ọmọ mi bọ báàgì! Ṣé kí n bá a jà ni? Ìwé ò sì ṣeé rà nígbà náà. Bísí sunkún títí.

Mo ní kí ọkọ mi jókòó da ìwé ìṣirò ọmọ aládùúgbò kọ látòkè délẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó gbójú sókè, ó bi mí pé kí lòun máa fi bò ó!

Ẹ gbà mí o! Ẹ máa yí bébà wò, ẹ sì máa béèrè lọ́wọ́ oní-nǹkan. Ilé tiyín ńkọ́? Kí ni wọ́n fi bo ìwé tó fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?